Ẹ Jẹ́ Kí Ègbè Mọ̀ Pé Ègbè Ni Òun

Bí òwe bí òwe ni à ń lu àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni gìtá jùjú. Ẹni tí ó bá gbọ́ àwo Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1982 yóò mọ̀ pé gángan nìkan kọ́ ni ó ń fọhùn níbẹ̀. Nítorí náà, àwa tí a ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ní Ìjagun kò gbọdọ̀ dákẹ́ sí àwọn tí ń wí pé ayédèrú ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn oní-díjítà tí onígìtá ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, èyí tí ń sín ohùn ẹ̀rọ àtijọ́ jẹ. Wọ́n ní ti àtijọ́ nìkan ni ojúlówó.

Ojúlówó ti ta ni? Ilé-iṣẹ́ Philips ní ilẹ̀ Netherlands ni Sangster àti Teer ti hùmọ̀ ohun tí ó wà nínú irú ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1969. Iná tí ó gbé ohùn a máa kọjá láti ibi kan dé èkejì, bí èrò tí ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tí wọ́n ń na korobá omi sí ara wọn. Kí ariwo má baà bà á jẹ́, a ní láti sẹ́ ohùn náà bí ẹni sẹ́ ògì. Bí ó ti ń yí po ni a ń tún un sẹ́. Àwítúnwí kọ̀ọ̀kan a sì ṣókùnkùn ju ti ìṣáájú lọ. Irú rẹ̀ ni DM-2 tí ilé-iṣẹ́ Boss ti ilẹ̀ Japan gbé jáde ní 1981. Ní 1983, wọ́n gbé DD-2 dé: ó ń sọ ohùn di nọ́ńbà, ó sì ń tún un wí kedere. Ní 1999 ni DL4 ti ilé-iṣẹ́ Line 6 ní Amẹ́ríkà tún fi ìṣirò dá ìṣókùnkùn àtijọ́ padà.

Èéṣe tí a fi ń wá àbùkù padà? Ohùn ni ó ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀. Gìtá kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì. Ohùn àti ìlù ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ní. Bí gbohùngbohùn bá padà wá pẹ̀lú agbára kan náà, ohùn òkè àná yóò já lu ohùn ìsàlẹ̀ òní, òwe yóò sì di ariwo. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń ṣókùnkùn tí ó sì ń fà sẹ́yìn mọ̀ pé ègbè ni òun. Olùkọ́ ewì alohùn wo ni yóò gbà kí ègbè bo lílé mọ́lẹ̀?

A kò gbè sẹ́yìn àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n rò pé a lè ra àgbà lọ́jà. Ẹ̀rọ kò lè kọ́ ìka ní èdè.

Ní Ìjagun yìí, níbi tí Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Tai Solarin ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ láti 2005, ìdánwò rẹ̀ kò ṣòro. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ta òwe tí gbogbo kíláàsì mọ̀ lórí gìtá: lẹ́ẹ̀kan láìsí ẹ̀rọ, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú gbohùngbohùn tí kò ṣókùnkùn, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú èyí tí ń sín àtijọ́ jẹ. Kí àwọn yòókù kẹ́yìn sí i, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀. Etí ni kí ó dá ẹjọ́ náà, kì í ṣe ọjọ́ orí ẹ̀rọ.