Ta Ni Ẹ Fẹ́ Lé Jáde Nílé Ara Rẹ̀?

Láti ọdún 2015 ni àwọn kan lára wa ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ti di Equatorial Guinea sínú. Ẹ sáà dárúkọ orílẹ̀-èdè yẹn ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, ẹ ó gbọ́ ẹjọ́: wọ́n ti lé wọn kúrò nínú ìdíje, wọ́n tún mú wọn gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, àwa tí a gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 2013 sì jókòó sílé, à ń fi ojú lásán wò wọ́n. Ẹjọ́ náà dùn ún gbọ́. Ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́.

Morocco ló yẹ kó gbàlejò Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ọdún 2015. Àrùn Ẹ̀bólà ń jà ní Guinea, Làìbéríà àti Sàró nígbà yẹn, Morocco sì ní kí wọ́n sún un síwájú. CAF, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní Áfíríkà, kọ̀ jálẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, nígbà tó ku bí oṣù méjì kí eré bẹ̀rẹ̀, wọ́n gba ìdíje náà lọ́wọ́ Morocco, wọ́n gbé e fún Equatorial Guinea. Lọ́dún yẹn kan náà ni CAF ti yọ Equatorial Guinea kúrò nínú ìdíje ìpegedé, nítorí pé wọ́n lo agbábọ́ọ̀lù tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá bọ́ọ̀lù fún wọn nígbà tí wọ́n pàdé Mauritania. Ẹni tí a lé lẹ́nu ọ̀nà wá di onílé. Mo gbà pé ó ṣòro láti gbé mì.

Ṣùgbọ́n àyè ta ni wọ́n jókòó sí? Àyè Morocco ni. Tiwa, ọwọ́ ara wa la fi sọ ọ́ nù. Congo wá bá wa ní Calabar ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, wọ́n nà wá 3–2. Ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá, Gúúsù Áfíríkà wá sí Uyo, ká ní a borí wọn, à bá wọlé. Ọ̀mì 2–2 la gbá. Onílé kankan kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, àfi àwa tí wọ́n bá nílé tí a kò sì lè borí.

Ará Ìjẹ̀bú tó bá ń bú onílé, kó rántí ọdún 2009. Lọ́dún náà ni FIFA gbé Ife Àgbáyé àwọn ọmọ tí kò tíì ju ọdún 17 lọ wá sí Nàìjíríà, Ìjẹ̀bú-Òde sì wà lára ìlú mẹ́jọ tó gbàlejò, ní pápá tí à ń pè ní Dípọ̀ Dina lónìí. Nàìjíríà wọlé gẹ́gẹ́ bí onílé. A bá a dé àṣekágbá ní Àbújá, kí Switzerland tó fi góòlù kan ṣoṣo gba ife lọ́wọ́ wa. N kò rántí ẹnikẹ́ni nínú wa tó kọ̀wé sí FIFA pé àyè ọ̀fẹ́ yẹn kò tọ́ sí wa. Bákan náà la ṣe lọ́dún 1980: onílé ni wá, a wọlé láìdíje, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá góòlù méjì, Múdà Lawal gbá ẹyọ kan, a na Algeria 3–0 ní Sùúrùlérè, ife àkọ́kọ́ wa sì nìyẹn.

Wọ́n á ní Nàìjíríà lágbára, ọ̀tọ̀ ni ti aláìlera. Ó dára. Ẹni tó háyà kánópì, tó pa màlúù, tó sanwó onílù, ẹ kò lè ní kó máa yọjú wo àríyá náà láti ojú fèrèsé nítorí pé kò mọ ijó jó. Owó ìlú ni wọ́n fi ń kọ́ pápá. Àwọn ará ìlú ni yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn ni yóò fara da súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Bí ẹgbẹ́ wọn kò bá sí níbẹ̀, ta ni yóò jókòó sórí àga tí wọ́n tò sílẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Tuesday?

Aláìlera kì í sì í pẹ́ di ẹlòmíràn tó bá ti rí ìdí jókòó. Burkina Faso gbàlejò lọ́dún 1998, wọ́n gbé ipò kẹrin. Mali náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2002. Equatorial Guinea fúnra wọn kò tíì dé ìdíje náà rí kí àwọn àti Gabon tó jọ gbàlejò lọ́dún 2012. Wọ́n na Líbíà, wọ́n na Senegal 2–1. Ní ìdíje ọdún 2021, tí wọ́n gbá ní Cameroon ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn wọlé, wọ́n sì na Algeria tó di ife mú 1–0. Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù lọ ni ti oṣù kìíní ọdún 2024 ní Abidjan: Côte d'Ivoire ni onílé, Equatorial Guinea ni àlejò, àlejò na onílé 4–0. (Pé onílé yẹn kan náà padà wá na àwa 2–1 ní àṣekágbá, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.)

Ibi tí n kò ti lè gbè Equatorial Guinea lẹ́yìn ni Bata, nílé wọn, ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2015. Tunisia ń borí 1–0. Eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá nígbà tí rẹfirí ará Mauritius fún onílé ní pẹ̀nárítì tí kò sẹ́ni tó rí ìdí rẹ̀. Javier Balboa gbá a wọlé, ó tún gbá bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ (free kick) kan wọlé ní àfikún àkókò, Tunisia sì lọ sílé. CAF fi rẹfirí náà sílé fún oṣù mẹ́fà. Àyè wíwọlé ni wọ́n fún onílé. Ta ló ní kí wọ́n fi èrè eré kún un? Ìwà yìí ló ń ba orúkọ àyè onílé jẹ́, tí àwọn ènìyàn fi ń kó méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ohun kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ họ́kì orí yìnyín ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìdáhùn mi, pé kí onílé máa wọlé, kò lè bá gbogbo eré mu. Eré yẹn jìnnà sí wa, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ 12 péré ni wọ́n ń gbà fún àwọn ọkùnrin ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù, nítorí náà àyè kan níbẹ̀ wọ́n ju àyè kan nínú ẹgbẹ́ 24 ti Ife Ilẹ̀ Áfíríkà lọ. Ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, aláìlera lè kó gbogbo ènìyàn sẹ́nu ilé, kó máa retí góòlù kan. Lórí yìnyín, wọ́n ń ta àwo rọ́bà (pọ́ọ̀kì) sójú ilé léraléra títí agbára yóò fi hàn. Àjọ tó ń darí họ́kì ti fagi lé àyè onílé lẹ́yìn Òlíńpíìkì Turin ọdún 2006. Nígbà tó yá, wọ́n tún fún South Korea láyè fún ọdún 2018, lẹ́yìn tí South Korea ti gba Jim Paek ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá. Gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ni àwọn ọkùnrin wọn pàdánù nígbà tí ọjọ́ pé. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, tí Kòríà méjèèjì pawọ́ pọ̀ dá sílẹ̀, gba 8–0 lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀, kí ọjọ́ náà tó dé, lọ́dún 2017, àwọn ọkùnrin South Korea ti gòkè sí ìsọ̀rí tó ga jù lọ ní ìdíje àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Àyè tí wọ́n fún wọn ló sún wọn ṣiṣẹ́.

China ọdún 2022 ni mo máa fi dojú kọ ara mi. Ipò 32 ni wọ́n wà lágbàáyé. Àjọ họ́kì ṣiyèméjì, wọ́n ń wo Norway bóyá kí wọ́n fi rọ́pò wọn, kí wọ́n tó jẹ́ kí China dúró. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ló pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó jọ. Amẹ́ríkà nà wọ́n 8–0, Kánádà 5–0, Kánádà tún nà wọ́n 7–2. Bí aláìlera bá fẹ́ wọlé, kó wọlé pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀. Ọdún bíi méje ló wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n yan China gẹ́gẹ́ bí onílé Òlíńpíìkì àti ọjọ́ tí eré bẹ̀rẹ̀, ìyẹn tó láti kọ́ ọmọ ọdún 14 títí yóò fi tó gbangba sùn lọ́yẹ́. N kò sọ pé kí wọ́n lé ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí sí òkè òkun o. Bí Balboa ṣe jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí sí Spain náà ni Ademola Lookman tiwa ṣe jẹ́ ọmọ London. Ẹni tí kò ní bàbá, kò ní ìyá nílùú, tí wọ́n kàn fi ìwé ìrìnnà lé lọ́wọ́ nítorí ìdíje, òun ni mò ń bá wí.

Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ọdún 2027 ló kàn báyìí, Kenya, Uganda àti Tanzania ló fẹ́ gbàlejò. Àwọn kan ti ń ráhùn pé onílé mẹ́ta ti pọ̀ jù. Kí wọ́n rántí pé Nàìjíríà àti Benin jọ béèrè fún ìdíje ọdún 2025, kí CAF tó gbé e fún Morocco ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ká ní wọ́n fún wa ni, àwa àti àwọn ará wa ní Kútọnu ì bá jọ máa wá àyè ọ̀fẹ́. Bó ṣe rí, a bá ara wa nínú ìsọ̀rí kan náà, Benin sì pegedé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ní tèmi, kí àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà wọlé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀rọ VAR tí kò sí ní Bata ti wà báyìí fún rẹfirí tó bá fẹ́ ṣojúsàájú. Ìwé ìrìnnà ni kí CAF lọ yẹ̀ wò dáadáa.