TA LÓ Ń KỌ́ TÍṢÀ TÓ Ń KỌ́ ỌMỌ WA?

Kíláàsì kẹrin kan nìyí ní ilé-ìwé ìjọba ní Muṣin, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Àwọn ọmọ fún mọ́ra wọn lórí bẹ́ǹṣì, ẹni mẹ́ta níbi tó yẹ kó gba ẹni méjì. Tíṣà kọ ìṣirò sí pátákó, ó yíjú padà, ó ní, “Ṣé ó yé yín?” Gbogbo kíláàsì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Yẹ́ẹ̀sì, mà!” Ó ní ta ló lè wá ṣe é. Ọwọ́ mẹ́rin péré ló lọ sókè, bẹ́ǹṣì iwájú sì ni gbogbo wọn wà. Àwọn mẹ́rin yìí náà ló nawọ́ lánàá, àwọn náà ni yóò nawọ́ lọ́la. Lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá fèrèsé, ọmọkùnrin kan ń fi bírò ya ọkọ̀ dáńfó sẹ́yìn ìwé rẹ̀. Ọkọ̀ náà dára o! Ó ya táyà, ó ya iná, ó ya kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àfi ìgbà tó kù kó kọ Ojúẹlẹ́gba sára ọkọ̀ ni bírò dúró, torí kò mọ̀ ọ́n kọ.

Nílé, olódo ni wọ́n ń pè é. Ìyá rẹ̀ tó ń ta tòmátò ní Ọjúwòyè ní iṣẹ́ ayé ni, bàbá rẹ̀ ní orí àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ ló gbé wá. Hẹdimásítà ní kó tún kíláàsì náà kà. Gbogbo ayé ti dá ẹjọ́ ọmọ náà tán, kò sì sí ẹni tó bi tíṣà ní nǹkan kan. Tíṣà náà ńkọ́? Ta ló ti bi í léèrè rí pé ìgbà wo ni wọ́n kọ́ ọ kẹ́yìn bí a ṣe ń mú ọmọ ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú?

Ẹ má gbàgbé pé ọ̀rọ̀ owó wà nínú rẹ̀. Ọmọ olówó tí iṣẹ́ àárọ̀ kò yé, tíṣà lẹ́sìnnì á tún un ṣe fún un nírọ̀lẹ́ ní Bọ̀dé Thomas. Ọmọ tálákà tí iṣẹ́ àárọ̀ kò yé, àtẹ ìyá rẹ̀ ló ń dúró dè é. Bí ọdún mẹ́fà bá fi pé, àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì á ti jìn ju kòtò ojú títì lọ.

Kì í ṣe pé wọn kò mọyì kíkọ́ tíṣà ní agbègbè yìí. Yábàá gan-an ni Yaba Higher College wà, tí wọ́n ṣí ní 1934, ara iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti kọ́ àwọn tí yóò ṣe tíṣà. Ní Akọka ni wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ ní 1967, èyí tí a wá mọ̀ sí Federal College of Education (Technical). Yunifásítì Èkó ti wà láti 1962. Ibi tí wàhálà wà ni ìgbà tí tíṣà bá ti gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ tán tó wọ kíláàsì. Mẹkáníìkì tó fi ọkọ̀ ìjàpá kọ́ṣẹ́, bí kò bá tún iṣẹ́ kọ́, kò lè fọwọ́ kan ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé wá sí Ládípọ̀ lóde òní. Ṣùgbọ́n tíṣà tó gba NCE lógún ọdún sẹ́yìn, gbogbo ènìyàn gbà pé ó ti mọ̀ ọ́n tán.

Wọ́n ń pe sẹ́mínà lóòótọ́. Ẹ bi tíṣà yín wò, á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á gbé bánà kọ́, ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì á sọ ọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì nípa bí tíṣà kò ṣe gbọdọ̀ máa dá sọ̀rọ̀ nìkan ní kíláàsì, òun nìkan ni yóò sì dá sọ gbogbo rẹ̀! Wọ́n á jẹ ìrẹsì, wọ́n á fọwọ́ síwèé, wọ́n á gba sátífíkéètì. Tó bá di Monday, ọwọ́ mẹ́rin.

Ní oṣù kẹsàn-án 1976 tí ìjọba Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà, ọmọ ya wọ ilé-ìwé bí omi, tíṣà ò sì tó. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá National Teachers’ Institute sílẹ̀ ní Kaduna, kí tíṣà lè máa kọ́ sí i láìfi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní Èkó, àwọn kan ń lọ láàárọ̀, àwọn kan ń lọ lọ́sàn-án, títí ìjọba Jákàńdè tó dé ní oṣù kẹwàá 1979 fi fòpin sí i, tó kọ́ ilé-ìwé káàkiri. Àwọn ẹlẹ́gàn ní ilé adìẹ ni wọ́n jọ. Ilé adìẹ náà gba ọmọ púpọ̀ o. Àyè ìjókòó yanjú díẹ̀. Ohun tí tíṣà ń ṣe níwájú àwọn tó jókòó ni kò yanjú.

Ibi tí wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ gidi kò sì jìnnà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, ọmọ Èkó, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1970, ní ilé-ìwé St. Stephen’s “A” ní Modákẹ́kẹ́. Nígbà yẹn, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, tó bá di ọdún kẹrin wọ́n á yí gbogbo rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún kẹrin! Kíláàsì ẹni tó ń ya dáńfó yẹn gan-an. Fáfúnwá ní kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo rẹ̀ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì máa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kàn pàṣẹ fún tíṣà kí wọ́n sì lọ sùn. Wọ́n kọ ìwé tuntun, wọ́n wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n pe tíṣà jọ láti kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe lò ó. Nígbà tí wọ́n dán àwọn ọmọ náà wò, wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù fún wọn kò sì bàjẹ́.

Muṣin kì í ṣe Modákẹ́kẹ́ ṣá. Ọmọ Ìgbò, ọmọ Hausa, ọmọ Ègùn ló jọ wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ìjọba àpapọ̀ tún ṣòfin èdè abínibí ní 2022, wọ́n sì fagi lé e ní 2025. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tíṣà Modákẹ́kẹ́ kò gba òfin èdè kankan kó tó lè ṣẹlẹ̀ níbòmíì: ẹnì kan dúró tì wọ́n.

Ní ilẹ̀ Íńdíà, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Pratham, tó bẹ̀rẹ̀ ní Mumbai ní 1995, rí i pé ọmọ kíláàsì karùn-ún wà tí kò lè ka ìwé kíláàsì kejì. Wọ́n ní kí tíṣà yé wo kíláàsì tí ọmọ wà, kó wo ohun tó mọ̀. Wọ́n á fún ọmọ ní ìwé kékeré: ṣé ó mọ lẹ́tà, ṣé ó lè ka ọ̀rọ̀, ṣé ó lè ka ìtàn kúkúrú? Fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́, àwọn tí ohun tí wọ́n mọ̀ bára dọ́gba á jókòó pọ̀, ọjọ́ orí yòówù kí wọ́n jẹ́. Ẹni tí yóò sì kọ́ tíṣà ní ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ná. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo tó bá wọn yẹ iṣẹ́ náà wò wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019.

Ti Èkó gba ọ̀nà mìíràn. Ètò EKOEXCEL tí ìjọba Sanwó-Olú gbé kalẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ NewGlobe bá wọn ṣe, fún tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní tábílẹ́ẹ̀tì tí iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, tó fi mọ́ ohun tí tíṣà yóò sọ. Àwọn kan dúpẹ́ pé ó gbà wọ́n lọ́wọ́ àìmọbi-tí-à-ń-lọ. Àwọn kan ní wọ́n ti sọ tíṣà di ayékòótọ́. Àwọn méjèèjì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Èyí tó dára jù nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnì kan máa wá jókòó ní kíláàsì láti ran tíṣà lọ́wọ́, nítorí tábílẹ́ẹ̀tì kò lójú tí yóò fi rí ẹni tó wà lẹ́bàá fèrèsé.

Ní kíláàsì kẹrin yẹn, ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà ló wá. Kò lọ síwájú. Ó fún ara rẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó sì jókòó títí wọ́n fi lu agogo ìsinmi.

Ó ní, “Ọmọ mi, ọwọ́ mélòó lo rí?”

Tíṣà ní, “Mẹ́rin, mà.”

“Àwọn yòókù ńkọ́?”

“Wọ́n ní ó yé wọn, mà.”

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní kó wá agolo mílíìkì òfìfo. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo ọmọ sí pélébé páálí, wọ́n dà á sínú agolo. Láti ọjọ́ náà, orúkọ tó bá jáde ni yóò dáhùn; kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó kàn, làwọn ọmọ ẹ̀yìn bá jí. Tíṣà á bi ìbéèrè, á dákẹ́ díẹ̀ kí ọmọ ronú, kò ní fi ẹgba halẹ̀ mọ́ ọn. Ní ti oníyàwòrán, ìyá ní kí wọ́n má gba ìwé rẹ̀ o. Kó kọ orúkọ ibùdókọ̀ tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pè sára dáńfó rẹ̀, ìkan lọ́jọ́ kan, torí ó ti mọ gbogbo wọn lórí.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti Ojúẹlẹ́gba. Ó kọ ọ́ nígbà márùn-ún kó tó pé. Ìdí-Òró ló wá kàn, ó sì ti sọ fún tíṣà pé òun á ya ọkọ̀ mólúè fún ti Ọjúwòyè, torí orúkọ yẹn gùn.