Ẹ Má Tíì Gbé Láptọ́ọ̀pù Yẹn Jù Nù

Láti ìgbà tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 October 2025, ọ̀pọ̀ yín ló ń béèrè bóyá kí ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín jù nù. Ẹ mú sùúrù ná. Bí ara rẹ̀ bá ṣì le, tó sì ní ojú tí a ń ti DVD bọ̀, ẹ lè fi Linux Mint sí i. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ ra àwo DVD-R òfìfo. Ó ń gba 4.7 GB, CD kò lè gbà á, 700 MB péré ni tirẹ̀. Ẹ lọ sí ìkànnì Linux Mint gan-an, kí ẹ wa fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .iso sórí kọ̀ǹpútà.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á kàn da fáìlì náà kọ sórí àwo bí ẹni ń da orin kọ. Ó dà bí ẹni gbé àpò ìrẹsì kaná láì tú u. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì náà, kí ẹ yan "Burn disc image". Ẹ máàkì "Verify disc after burning", kí kọ̀ǹpútà lè yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò.

Bó bá parí, ẹ fi àwo náà sílẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un tàn. Kíá, ẹ tẹ F12 (ti àwọn mìíràn ni Esc tàbí F9), kí ẹ yan DVD. Mint yóò tàn láti orí àwo, láì tíì fọwọ́ kan ẹrù yín. Ẹ fi àyè yẹn wò ó bóyá Wi-Fi àti ohùn ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tẹ "Install Linux Mint", ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó gbogbo fọ́tò àti ìwé yín sórí fláṣì. Bí ẹ bá yan "Erase disk", gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lọ nìyẹn. Èmi náà kánjú nígbà kan. Fọ́tò ayẹyẹ 70 ọdún bàbá mi bá a lọ. Bàbá ti re ibi àgbà ń rè báyìí. Ta ni mo fẹ́ tún yà?

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó dìgbà kan ná.