Ta Ni Ẹjọ́ Kàn?

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sá fún ilé ẹjọ́. Bó bá jẹ́ ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí ti ogún láàárín ọmọ ìyá, òwe náà kò ṣìnà rárá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìjọba ló ṣẹ ará ìlú ńkọ́? Kò sí ọ̀rẹ́ kankan níbẹ̀ tí ẹjọ́ lè bà jẹ́. Iwájú adájọ́ nìkan ló kù fún mẹ̀kúnnù, bí kò bá sì gba adájọ́ yẹn gbọ́ mọ́, igi àti kùmọ̀ ni yóò máa fi gbẹ̀san.

Ìgbésí ayé Gani Fawehinmi fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Ọmọ Oǹdó ni, ọdún 1938 ni wọ́n bí i, ó di agbẹjọ́rò ní 1965, ó sì kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009. Ìjọba ológun kan ń tì í mọ́lé, òmíràn ń dé, òun náà ń tì í. Kódà àwọn agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ rẹ̀ bínú sí i ní 1984, nígbà tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má yọjú síwájú ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ àwọn ológun, tí òun sì lọ gbèjà àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn níbẹ̀. Ó bá àwọn adájọ́ fa ọ̀rọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti tú u sílẹ̀, kóòtù náà ló tún ń gbà lọ.

Ẹ wo ọ̀ràn Dele Giwa. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1986, bọ́ǹbù tí wọ́n dì bíi lẹ́tà pa olóòtú àgbà ìwé ìròyìn Newswatch yìí nínú ilé rẹ̀ n'Íkẹjà. Gani fẹ́ kí ìjọba Èkó pe àwọn ọ̀gá méjì kan nínú iṣẹ́ ààbò lẹ́jọ́, bí ìjọba kò bá sì fẹ́, kí ó jẹ́ kí òun pè wọ́n fúnra òun. Àwọn méjèèjì ní ọwọ́ àwọn mọ́. Kóòtù méjì ló kọ́kọ́ dá Gani padà. Wọ́n tilẹ̀ bi í pé kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí kì í ṣe ẹbí òkú. Ó gbé e dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1987, àwọn adájọ́ níbẹ̀ dáhùn pé ìwà ọ̀daràn kan gbogbo ará ìlú, àti pé olúkúlùkù ni olùṣọ́ ọmọnìkejì rẹ̀.

Ohun tó bá ojú ti bá imú, Yorùbá ti ń wí i tipẹ́. Àwọn adájọ́ wọ̀nyẹn ló sọ ọ́ di òfin, lábẹ́ ìjọba ológun tó lè fi ìwé pélébé kan lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Lóòótọ́, títí di òní, kóòtù kankan kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ikú Dele Giwa. Ìyẹn dunni púpọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ẹjọ́ yẹn ṣí kò tíì padé.

Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ìwà òṣìkà yìí gan-an ni Dìkíríì Kejì ti ọdún 1984 fún ìjọba láṣẹ láti máa hù: wọ́n á gbé ènìyàn sí àtìmọ́lé, wọ́n á sì ní kóòtù kò gbọdọ̀ béèrè ìdí. Nígbà tí wọ́n wá gbé Gani ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1996, tí wọ́n gbé e dé ọgbà ẹ̀wọ̀n Bauchi, ó pe ìjọba ológun Abacha lẹ́jọ́. Abacha ti kú kí ìdájọ́ ìkẹyìn tó jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2000. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Ìwé Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Áfíríkà, tí Nàìjíríà sọ di òfin ní 1983, kì í ṣe ìwé lásán, pé ó lágbára ju òfin yòókù lọ, àfi ìwé òfin orílẹ̀-èdè nìkan. Agbẹjọ́rò mìíràn ìbá ti sọ̀rètí nù kí ọdún mẹ́rin tó pé.

Àwọn kan á ní agbẹjọ́rò tó ń bá adájọ́ wí ló ń ba iyì kóòtù jẹ́. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1993, Gani kọ́ ló ní kí Adájọ́ Bassey Ikpeme pàṣẹ lóru ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà pé kí ìdìbò ààrẹ ọjọ́ kejìlá má wáyé. Àṣẹ òru yẹn bu kóòtù kù ju èébú ẹnikẹ́ni lọ. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, Adájọ́ Dolapo Akinsanya wí lójú kedere l'Ékòó pé ìjọba fìdí-hẹ Shonekan, tí àwọn ológun gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò náà, kò bófin mu. Adájọ́ obìnrin ni àwọn méjèèjì, ọdún kan náà ni. Ọ̀kan dójú ti ilé ẹjọ́, èkejì gbé e níyì.

Ìdájọ́ tí ìdí rẹ̀ hàn ni ènìyàn fi ń gba adájọ́ gbọ́. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ Gani tó wúlò jù lọ fi lè jẹ́ èyí tí kò pariwo: àkójọ ìdájọ́ Nigerian Weekly Law Reports tó dá sílẹ̀ ní 1985. Àpẹẹrẹ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì rèé: nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbé ipò gómìnà Ímò fún ẹni tí wọ́n kà sí ipò kẹrin, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, orí ọ̀pọ̀ ènìyàn dàrú sí ìṣirò náà. Nígbà tí wọ́n bẹ kóòtù ní oṣù Kẹta pé kí ó tún un wò, adájọ́ mẹ́fà kọ̀. Adájọ́ Chima Nweze nìkan ló kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Èrò ẹnìkan ṣoṣo yẹn kò yí ìdájọ́ padà, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ará ìlú mọ̀ pé ẹnìkan níbẹ̀ gbọ́ ohun tí àwọn ń sọ.

Kí Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ fún Ètò Ìdájọ́ máa gbé ìdájọ́ gbogbo kóòtù àgbà síta lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á, kí wọ́n sì máa sọ ní gbangba ohun tí adájọ́ kan ṣe tí wọ́n fi bá a wí. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí pẹ̀lú béèrè ìdájọ́ tó kàn yín, kí ẹ kà á tán kí ẹ tó yìn ín tàbí kí ẹ tó bú u.