Ẹ̀rọ Ló Gé Awọ, Ọwọ́ Ló Parí Rẹ̀



Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a ṣe ìdána àbúrò mi obìnrin ní Ìgbàjà, ni mo bá ba awọ jẹ́. Mo ti ṣèlérí awọ pẹlẹbẹ mẹ́fà tí a ó tẹ́ sábẹ́ àwo oúnjẹ àwọn àgbà, tí orúkọ ìdílé àwọn àna wa yóò hàn lára wọn. Cricut Maker, ẹ̀rọ kékeré tí kọ̀ǹpútà ń darí, ni mo fi gé wọn. Mo da ojú awọ dé, kí ẹ̀rọ má baà fi àpá sí i lára. Ṣùgbọ́n mo gbàgbé láti yí lẹ́tà padà bí ó ti ń rí nínú dígí. Nígbà tí mo ṣí awọ, ẹ̀yìn-sí-iwájú ni orúkọ àna wà! Owó awọ mìíràn kò sì sí.

Mo gbé e tọ bàbá aránbàtà kan lọ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ihò kì í ṣe òfò. Fi awọ mìíràn bò ó, kí o sì rán an."

Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí làbà Ṣàngó, àpò awọ tí àwọn oníṣọ̀nà wa ti ń ṣe láti ayébáyé. Ojú rẹ̀ pín sí igun mẹ́rin. Wọ́n á gé awọ aláwọ̀ kan, wọ́n á sì rán an mọ́ orí òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Mo fi awọ dúdú bo àwọn ihò náà, mo sì fi ẹ̀rọ gé lẹ́tà tuntun láti ara èérún awọ pupa. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n, mo fi òòlu lu ihò, mo rán wọn, mo sì to ìlẹ̀kẹ̀ sí igun wọn. Òru méjì ni iṣẹ́ náà gbà.

Lọ́jọ́ ìdána, bàbá àna wa fi ìka tọ orúkọ wọn, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, kí wọ́n tó jókòó jẹun.

Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ rántí pé abẹ tó lágbára nínú ẹ̀rọ yìí kò gbọdọ̀ gé ohun tó nípọn ju mìlímítà 2.4 lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi èérún dán an wò. Bí ojú awọ bá dé mọ́lẹ̀, ẹ yí lẹ́tà padà. Ẹ má sì da èérún nù. Òun ló kó mi yọ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.