Ó Lọ, Ó Fi Gbèsè Sílẹ̀

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòkòrò rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ àdáyébá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. A yọ̀. Àwọn tó ti mú lọ́mọdé ńkọ́? Télọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ kan wa máṣíìnì láti ìgbà èwe wá rí i pé ẹsẹ̀ tó gbójú lé gan-an ti ń gbọ̀n. Àìlera tó ń padà wá bá àwọn tí rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti mú rí nìyí. Kì í ṣe àfọwọ́fà, kì í sì í ràn. Àwọn iṣan tó ń jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ fún ẹran ara, tí wọ́n ti ń ru ẹrù àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó kú, ló rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 15 sí 40. Ẹ má ní kó máa sáré kó lè lágbára; àṣejù ń dá kún un. Ìsinmi àti ọ̀pá ìtilẹ̀ ló yẹ ẹ́. Ìjọba tó ń ti ilé dé ilé kán oògùn sọ́mọ lẹ́nu, ẹ padà kan ilẹ̀kùn àwọn tó ti mú lọ́mọdé.