ETÍ ÒKUN KÌ Í ṢE ILẸ̀ TÍTÀ

Bí a bá dá ọ̀rọ̀ etí òkun sílẹ̀ ní Bẹẹrẹ tàbí ní Ọjà'ba, ohun tí a ó kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Kí ló kan ará Ìbàdàn nínú ọ̀rọ̀ òkun?" Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó kàn wá. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru.

Àwa gan-an ti jẹ irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ rí. A kọ́lé sí etí odò Ògùnpa, a sì ń da pàǹtírí sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, omi padà wá gba ilẹ̀ rẹ̀. Ó wó ilé, ó sì gbé ènìyàn lọ. Ohun tí a ṣe sí Ògùnpa náà ni à ń ṣe sí Lẹ́kí lónìí: à ń fi yanrìn dí àbàtà tí ó ń gba omi òjò dúró, à ń gé e tà ní púlọ́ọ̀tì.

Ní ọdún 1980 yẹn kan náà ni Olóyè Shafi Lawal Edu dá Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀, ẹgbẹ́ aláàánú tí kì í ṣe ti ìjọba. Ní 1990, ẹgbẹ́ náà dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Lẹ́kí, hẹ́kítà 78, láti dáàbò bo igbó àti àbàtà. Ilé ti yí i ká báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀bọ ṣì ń fò lórí igi níbẹ̀, ọ̀nì ṣì wà nínú omi rẹ̀.

Hẹ́kítà 78 kò tó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ National Trust bẹ̀rẹ̀ ní 1895. Òfin ọdún 1907 fún un láṣẹ láti kéde pé ilẹ̀ kan kò ṣeé tà mọ́. Ní 1965, ó bẹ̀rẹ̀ sí gba ọrẹ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù àti olówó láti fi ra etí òkun. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí ju máìlì 700 lọ.

Ṣé èyí ṣàjèjì sí wa? Rárá o. Ní agboolé wa, ọmọ kan kò gbọdọ̀ dá ilẹ̀ ẹbí tà lẹ́yìn Mọgàjí, nítorí ọmọ tí a kò tíì bí ní ìpín níbẹ̀.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ ìjọba ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìjọba kan lè fọwọ́ sí ohun tí èyí tó ṣáájú kọ̀. Àwọn mìíràn yóò ní ènìyàn ń wá ilé àti iṣẹ́. Òótọ́ ni èyí náà, a kò sì ní kí gbogbo etí òkun di igbó. Ohun tí à ń wí ni pé kí ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn àti Òǹdó ṣe òfin tí ẹgbẹ́ aláàánú yóò fi lè di ilẹ̀ mú láìsí pé ẹnikẹ́ni lè tà á.

Kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà sì dá tiwa. Ẹgbẹ́ tí ó lè dáwó aṣọ ọdọọdún lè dáwó ilẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Òkun kì í bínú lọ́jọ́ tí a bá ń ta etí rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá wá gba ilẹ̀ rẹ̀ ni ẹni tí ó rà á yóò mọ̀.